Nano tàbí vi: Èwo ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ bá pàdé lórí Linux?

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àdúgbò Dapoya, ní ìlú Ouagadougou, bá fẹ́ ṣe àtúnṣe fáìlì lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, ètò ìkọ̀wé tí kò mọ orúkọ rẹ̀ lè ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Òun kọ́ ló yàn án. Àwọn tó ṣe Linux náà ló ti bá a yàn án. Èwo ló wá yẹ kí wọ́n yàn?

Kí ni ìṣòro vi?

Bill Joy ló ṣe vi ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1976. Ipò méjì ló ní: ọ̀kan fún àṣẹ, èkejì fún ìkọ̀wé. Ipò àṣẹ ló sì máa ń kọ́kọ́ wà. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá tẹ lẹ́tà x, dípò kí x hàn, lẹ́tà kan nínú fáìlì rẹ̀ ni yóò pa rẹ́. Láti jáde láìfi àtúnṣe pamọ́, èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ Esc, kó kọ :q!, kó sì tẹ Enter. Lọ́dún 2017, Stack Overflow kéde pé wọ́n ti ka ìbéèrè lórí bí a ṣe ń jáde nínú Vim, tí í ṣe ẹ̀yà vi tó gbajúmọ̀ jù, ju ìgbà mílíọ̀nù kan lọ.

Báwo ni nano ṣe yàtọ̀?

Chris Allegretta bẹ̀rẹ̀ nano lọ́dún 1999. Ohun tí a bá tẹ̀ níbẹ̀ ló ń hàn. Àwọn àṣẹ pàtàkì wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà: Ctrl àti O fún ìfipamọ́, Ctrl àti X fún ìjáde. Bí kọ̀ǹpútà bá wà ní èdè Faransé, tí wọ́n fi ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ ní Burkina Faso, èdè náà ni àlàyé wọ̀nyí yóò fi jáde.

Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, Fedora 33 fi nano rọ́pò vi gẹ́gẹ́ bí ètò ìkọ̀wé tí yóò kọ́kọ́ ṣí, kí ó lè rọrùn fún ẹni tuntun.

Ta ló pàdánù?

Kò sí. Vi yára lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìlà kan péré, export EDITOR=vi, sì tó láti dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tuntun kò tilẹ̀ mọ̀ pé ààyè wà láti yan òmíràn. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Síbẹ̀, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ há :q! sórí, nítorí vi nìkan ló lè bá lórí kọ̀ǹpútà mìíràn.