Ẹ̀rọ Bọ́ọ̀lù Tí Ó Dá Ìjà Sílẹ̀ Nílé Àna Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà o. Èmi tí mo fi ọdún 34 ṣe iṣẹ́ olùkọ́, tí mo ti gba kànnàkànnà àti bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ tí kò lóǹkà nínú kíláàsì, èmi náà ni mo dúró ní ìdí ẹ̀rọ ìṣeré láti ìrọ̀lẹ́ títí aago méjìlá òru fi kọjá, tí ọmọ-ọmọ mi ń bẹ̀ mí pé, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ó ti kàn mí."

Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀. N kò tíì sinmi tán tí ọmọ mi fi fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bá ọkọ mi wí. Owó tí a kó jọ láti fi kan páànù sí ilé wa ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ ni ó fi rà, kò sì sọ fún mi." Ó mú mi sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá tí ó wà lábẹ́ ilé. Ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń tàn yanran bí ọjọ́ Kérésìmesì.

Pínbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò bá rí i rí, kí ó fojú inú wo tábìlì gígùn kan tí ó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n fi gíláàsì bò. Bọ́ọ̀lù irin kékeré ni ẹ̀rọ náà ń ta lọ sókè, tí yóò máa kọlu rọ́bà àti irin kiri, kí ó tó yí bọ̀ wá sísàlẹ̀. Apá kékeré méjì wà nísàlẹ̀ yìí, bọ́tìnnì ọ̀tún àti ti òsì ni a fi ń gbé wọn. Bí bọ́ọ̀lù bá dé ibẹ̀, kí o gbá a padà sókè. Bí ó bá gba àárín wọn kọjá, ó ti lọ nìyẹn. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn. Bí inú bá sì bí ọ tí o mi ẹ̀rọ náà jù, yóò pa apá méjèèjì, yóò máa wò ọ́.

Ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní apá wọ̀nyí. Ọdún 1947 ni ilé-iṣẹ́ Gottlieb, ní Chicago yìí kan náà, kọ́kọ́ fi wọ́n sí i. Ṣáájú ìgbà náà, bí o bá ti ta bọ́ọ̀lù tán, àdúrà ló kù. Abájọ tí àwọn aláṣẹ New York fi kà á sí tẹ́tẹ́, tí wọ́n fi òfin dè é ní 1942, tí La Guardia tí ó jẹ́ olórí ìlú náà sì gbé òòlù tì í lójú àwọn oníwèé ìròyìn. Ó di 1976 kí wọ́n tó tú òfin náà ká. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kàlòkàlò láyé ọjọ́un yóò mọ ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rí yìí kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni. Gbígbà nìkan ni ó mọ̀.

Kí ló wá fà mí mọ́ ọn? Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Nínú àwọn ẹ̀rọ báyìí, òmíràn jẹ́ ti iwin, òmíràn ti sinimá, tí àlejò kò ní mọ ibi tí ó yẹ kí òun ta bọ́ọ̀lù sí. Lórí èyí, ilé góòlù wà lókè, gólì kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tí ń lọ sọ́tùn-ún, tí ń bọ̀ sósì. Ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ní ohun tí o ó ṣe? Mo wo gólì náà títí ó fi lọ sí ẹ̀gbẹ́, mo tẹ bọ́tìnnì, bọ́ọ̀lù wọlé! Ẹ̀rọ náà pariwo, èmi náà pariwo. Ọmọ mi tí ó mú mi wá ṣe adájọ́ wò mí, ó mi orí, ó gun àtẹ̀gùn lọ.

Ohun mìíràn tún wà. 1994 ni wọ́n ṣe é, nítorí ìdíje Ife Àgbáyé tí Amẹ́ríkà gbà lálejò. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọdún yẹn jẹ́ fún wa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà lọ nìyẹn. Ní Dallas, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, Rashidi Yekini gbá góòlù wa àkọ́kọ́ wọlé Bùlùgéríà, ó di àwọ̀n mú, ó ń sunkún. 3 sí 0 ni a nà wọ́n. Ẹ̀rọ náà a máa mú ènìyàn rìn láti ìlú dé ìlú tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù ọdún náà. Nígbà tí ó kan Dallas, mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn Yekini fún ọmọ-ọmọ mi. Níbi tí mo ti ń sọ ọ́, bọ́ọ̀lù gba àárín kọjá.

Ọmọ náà, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní, "Bàbá àgbà, ta ni Yekini?"

Ẹ ò rí i? Ẹ̀rọ iwin kì í gbó, nítorí iwin kò ní ọjọ́ orí. Ẹ̀rọ eré ìdárayá ń gbé ọdún tirẹ̀ kọ́rùn kiri. Wọ́n ti ṣe èyí kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi Jámánì, tí ó gba ife ní 1990, ṣe ẹni tí a ó bá pàdé ní àṣekágbá. Bẹ́ẹ̀ Bùlùgéríà tí a nà yìí ni ó lé Jámánì lọ ní 2 sí 1 nígbà tí ó ku ẹgbẹ́ mẹ́jọ, Brazil ni ó sì fi pẹnáritì gba ife mọ́ Ítálì lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kò gbọ́. Títí di òní, Jámánì ni ó ń dúró dè ọ́ níbẹ̀.

Àna mi sọ fún mi pé òun fẹ́ ra ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, NBA Fastbreak ti 1997. Àyò méjì-méjì àti mẹ́ta-mẹ́ta ni ìyẹn ń fúnni, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní pápá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ mìíràn ti ń fún ní àràádọ́ta ọ̀kẹ́, tí èyí wá fún ní 58, yóò rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Ní tèmi, bí ó bá ṣe pé èmi ni mo ń rà, ti Muhammad Ali tí ilé-iṣẹ́ Stern ṣe ní 1980 ni n bá wá kiri. Ẹ má sọ fún ìyàwó mi.

Ìyọnu tí ó tóbi jù ni àtúnṣe. Ẹ̀rọ náà wúwo ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ. Rọ́bà rẹ̀ ń já, iná rẹ̀ ń kú, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é sì ti jáwọ́ nínú irú iṣẹ́ náà láti 1999. Ẹni tí ó tà á fún àna mi búra pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ni gólì dúró gbagidi sí àárín ilé góòlù, kò lọ, kò bọ̀. Gólì tí ó dára jù lọ láyé nìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tí ó lè gbá bọ́ọ̀lù kọjá lára rẹ̀ mọ́. Àna mi fi Sátidé méjì gbáko sùn sábẹ́ tábìlì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, iyawo rẹ̀ ń fọ abọ́ lókè, ó ń gbá wọn mọ́ra wọn kí a lè mọ̀ pé inú ń bí i.

Mo pe àwọn méjèèjì jókòó. Mo sọ fún àna mi pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni ẹ̀ṣẹ̀, bí kò ṣe pé ó ná owó ẹni méjì pẹ̀lú ìmọ̀ ẹnì kan. Kò jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo jẹ̀bi," ó sì ṣèlérí pé òun yóò tà á, kí owó páànù lè padà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra ẹ̀rọ bọ́ọ̀lù tí gólì rẹ̀ ti kú? Owó mìíràn tún jáde láti ra mọ́tò kékeré tí ń yí i. Ọmọ mi ló san án. Ó ní kí ó ṣá lọ.

Mo ti padà sí Ìbàdàn báyìí. Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọ-ọmọ mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ó ní gólì ti ń rìn, oníbàárà kan ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé, òun sì ti na Jámánì lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n bá òun bẹ ìyá òun. Láti ojú fèrèsé mi, mo ń wo ilé wọn tí kò ní páànù, òjò sì ti ṣú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé fóònù láti pe ọmọ mi. N kò tíì pè é.