Ìjàkadì Tí Òǹwòran Kò Rí

Ìjàkadì ni orò Ọ̀fà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ èyí. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó ṣubú. Ṣùgbọ́n ìjàkadì mìíràn wà tí òǹwòran kò lè rí, èyí tí olúkúlùkù ń bá ọkàn ara rẹ̀ jà. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ Búdà lónìí.

Ní 1944 àti 1945, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà jagun ní Bọ́mà, ilẹ̀ tí ẹ̀sìn Búdà ti gbilẹ̀. Ọmọ ọlọ́lá ni Gautama tí ó dá ẹ̀sìn náà sílẹ̀ ní ìhà Íńdíà, ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Ìtàn sọ pé ẹni ọdún 29 ni nígbà tí ó fi ilé ọlá sílẹ̀, nítorí tí ó rí arúgbó, aláìsàn àti òkú. Ó fi ebi pa ara rẹ̀ títí ó fi rù hangogo. Ó wá rí i pé bí ìgbádùn kò ti la ojú ẹni, bẹ́ẹ̀ ni ebi náà kò là á. Ó gba ọ̀nà àárín. Ní ẹni ọdún 35, lábẹ́ igi kan ní Bodh Gaya, igi tí ó jẹ́ ìbátan ọdán tiwa, ojú inú rẹ̀ là.

Kí ni ó rí? Ó rí i pé ìyà kún ayé. Pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni gbòǹgbò rẹ̀. Pé bí a bá fa gbòǹgbò náà tu, ìyà yóò dópin. Àti pé ọ̀nà wà tí ó lọ síbẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́jọ ni ọ̀nà náà ní: òye tí ó tọ́, èrò tí ó tọ́, ọ̀rọ̀ tí ó tọ́, ìwà tí ó tọ́, iṣẹ́ òòjọ́ tí ó tọ́, ìsapá tí ó tọ́, ìfiyèsí tí ó tọ́, àti ìpọkànpọ̀ tí ó tọ́. Olùkọ́ lè nawọ́ sí ọ̀nà. Ẹsẹ̀ olúwarẹ̀ ni yóò rìn ín.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ọjọ́ 5 oṣù April 2018, nígbà tí àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báǹkì Ọ̀fà, tí ẹ̀mí tí ó lé ní 30 sì ṣòfò, títí kan ọlọ́pàá 9. Kí ìbọn tó dún níta, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ti kọ́kọ́ dún nínú ọkàn. Ọ̀kánjúwà àti olè, déédé ni wọ́n jẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí a kò kọ́ láti bá ọkàn ara rẹ̀ jà, ìwé nìkan kò lè gbà á là. Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ọ̀rọ̀ tí a ń sọ níbi ìpolongo, ó ha tọ́ bí? Owó tí a fi ń wá ìbò ńkọ́, ṣé iṣẹ́ tí ó tọ́ ni ó mú un wá? Kí a tó bá ẹgbẹ́ kejì wọ̀jà, kí olúkúlùkù kọ́kọ́ gbé ojúkòkòrò tirẹ̀ ṣánlẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.