Síkáànù tí ẹ fẹ́ lọ ṣe lọ́la: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo sin ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe síkáànù, ìyá kan wọlé bá wa níbẹ̀. Ọkọ̀ méjì àti ọ̀kadà kan ló wọ̀ kó tó débẹ̀. Dókítà ló kọ̀wé fún un pé kí wọ́n bá òun yẹ ẹ̀dọ̀ àti àpò òróǹro rẹ̀ wò, nítorí pé bí ìyá bá ti jẹun tán, apá ọ̀tún ikùn á bẹ̀rẹ̀ sí í rún un. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì bi í ni pé, "Mà, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?" Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀kọ àti àkàrà ni. Ta ní í fi ebi rin irú ìrìn yẹn?" Bí wọ́n ṣe ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì nìyẹn.

Inú bí i, mi ò sì rí i bá wí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Mo wo ìwé tó mú dání: orúkọ ẹ̀, ọjọ́ orí ẹ̀ àti ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò ló wà níbẹ̀, kò sí gbólóhùn kan nípa oúnjẹ. Owó ọkọ̀ ọjọ́ yẹn wọgbó. Àmọ́ ká ní wọ́n gba owó ẹ̀ tí wọ́n sì ṣe é fún un bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ì bá burú jù. Téèyàn bá jẹun, pàápàá oúnjẹ tó lépo tàbí òróró, àpò òróǹro á fún ara ẹ̀ kí omi inú ẹ̀ lè tú sínú ìfun, kí oúnjẹ lè dà. Tó bá ti fún ara ẹ̀ tán, á kéré, ògiri ẹ̀ á nípọn, òkúta tó bá wà nínú ẹ̀ sì lè má hàn mọ́. Ẹni tó ń ya àwòrán náà á kàn kọ ọ́ síwèé pé òun ò rí ibẹ̀ dáadáa. Dókítà á ní kí ẹ lọ tún un ṣe. Owó méjì fún iṣẹ́ kan nìyẹn, àìsàn ṣì wà níbi tó wà.

Ohun tó mú wa kọ èyí nìyẹn, ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Ìmúrasílẹ̀ ilé ni ìdajì iṣẹ́ ọ̀hún. Ohun tí ẹ jẹ, ohun tí ẹ mu, ohun tí ẹ wọ̀ àti ohun tí ẹ bá sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà ló ń sọ bóyá àwòrán yẹn á wúlò fún dókítà tàbí kò ní wúlò.

Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ ná, torí pé "síkáànù" ni ọ̀pọ̀ wa ń pe gbogbo ẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n ń fi nǹkan rírọ̀ kan pa síni níkùn, ohùn ló ń lò. Ohùn yẹn ga ju èyí tí etí èèyàn lè gbọ́. Ẹ̀rọ á rán an wọnú ara, á kan ohun tó wà níbẹ̀, á sì padà wá, bí ìgbà téèyàn pariwo lẹ́bàá àpáta tí àpáta ń dá a lóhùn. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ohùn tó padà wá yìí di àwòrán. Kò sí ìtànṣán kankan nínú ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó fún aláboyún. Àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ káàkiri pé síkáànù ló ba oyún lágbájá jẹ́. Irọ́ ni o. Nǹkan rírọ̀ tó tutù bí omi yìnyín yẹn náà, jẹ́ẹ̀lì lásán ni. Ó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò láàárín ẹ̀rọ àti awọ ara, torí pé ohùn yìí kì í lè gba inú afẹ́fẹ́ kọjá dáadáa.

Tó bá jẹ́ òkè ikùn ni wọ́n fẹ́ wò, bíi ẹ̀dọ̀ tàbí àpò òróǹro, wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ má jẹun fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ jẹun alẹ́ yín ní kùtùkùtù, kó fúyẹ́, kí ẹ sì gba ààyè àárọ̀ pátápátá. Ẹ má mu mínírà tó ń hó, torí afẹ́fẹ́ ló ń kó sínú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ fi omi díẹ̀ lò ó bí ẹ ṣe ń lò ó, àfi tí dókítà bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ni kó ṣọ́ra níbí: ẹ má lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí ẹ tún wá fi ebi jókòó, torí pé ṣúgà ara lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹ bi dókítà yín léèrè ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ sì sọ fún àwọn tó ń ṣe síkáànù pé àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ti ìsàlẹ̀ ikùn yàtọ̀ pátápátá. Ilé ọmọ, oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, àpò ìtọ̀, próstéètì àwọn bàbá wa: omi ni tiwọn. Nǹkan bíi lítà kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì, ní wákàtí kan sí ìgbà tí wọ́n máa ṣe é, kí ẹ má sì tọ̀ ọ́. Àpò ìtọ̀ tó bá kún á ti ìfun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohùn á sì gba inú omi yẹn kọjá wọ ibi tí wọ́n fẹ́ rí. Ẹ óò rí àwọn èèyàn lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń na ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń ká ìkejì kò, tí wọ́n ń bẹ nọ́ọ̀sì. Kò rọrùn, èmi náà ti jókòó síbẹ̀ rí. Tí ọjọ́ náà bá kún fún èrò tàbí tí iná lọ, ẹ sọ fún wọn pé ó ti ń pọn yín, kí ẹ má kàn yọ́ lọ sílé ìtọ̀, torí pé ẹ̀yin lẹ máa tún omi mu látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Fún próstéètì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sábà máa ń wò yín: ìgbà tí ìtọ̀ kún inú, àti ìgbà tí ẹ bá tọ̀ ọ́ tán. Wọ́n fẹ́ mọ iye ìtọ̀ tó ṣẹ́ kù sínú ni. Nítorí náà, ẹ má rò pé ó ti parí nígbà tí wọ́n ní kí ẹ lọ tọ̀, kí ẹ wá gba ibẹ̀ lọ sílé. Ẹ padà wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni o, síkáànù kan wà fún obìnrin tí wọ́n ń gba ojú ara ṣe. Ìyẹn ò fẹ́ kí ìtọ̀ kún inú rárá. Ẹ rí i pé ẹ ò lè fi ti aládùúgbò yín ṣe tiyín. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ ka ohun tí dókítà kọ fún wọn, kí ẹ sì béèrè pé: ṣé kí n jẹun, ṣé kí n mu omi? Ìpè ìṣẹ́jú méjì ni.

X-ray kì í pẹ́, kì í sì í dunni. Ọ̀gbẹ́ni Wilhelm Röntgen ní ilẹ̀ Jámánì ló ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1895. Ọ̀kan lára àwòrán àkọ́kọ́ tó yà ni ti ọwọ́ ìyàwó ẹ̀: egungun ìka hàn, òrùka sì hàn lórí ìka kan, ó dúdú kirimú. Ìdí tí wọ́n fi ń ní kí ẹ bọ́ ṣéènì, yẹtí, kọ́mú tó ní irin àti ońdè kò ju ìyẹn lọ. Ohun tó bá ṣíji bo àyà lè fi àìsàn pamọ́, ó sì lè dà bí àìsàn tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ní ońdè tàbí ìgbàdí lára, kó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ fún wọn. Wọ́n ti rí i rí, wọn ò ní bú yín. Fún X-ray ọmú, ẹ wẹ̀, àmọ́ kí ẹ má fi àtíkè, ìpara tàbí rólọ́ọ̀nù sí abíyá àti ọmú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, torí ẹyọ wẹ́wẹ́ inú wọn lè hàn lójú àwòrán bí àmì tí dókítà ń wá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé nǹkan oṣù ló dáa jù láti lọ, nígbà náà ọmú kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

X-ray àti CT ń lo ìtànṣán. Ti X-ray àyà kéré: ó tó ohun tí ara wa ń gbà láti inú ilẹ̀ àti ojú ọ̀run láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. CT ikùn lè tó ti ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó dẹ́rù ba ẹni tí dókítà ní kó lọ ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe ohun téèyàn ń dá lọ ṣe nítorí pé ọ̀rẹ́ ní òun ṣe é, ara òun yá.

Èyí ló mú wa dé ibi tó le. Tí wọ́n bá bi obìnrin pé ìgbà wo ló rí nǹkan oṣù kẹ́yìn, kì í ṣe òfófó. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oyún wà nínú ni. A mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa: oyún oṣù méjì kì í ṣe ohun tí à ń pariwo, pàápàá tó bá jẹ́ pé ìyá ọkọ tàbí àbúrò ọkọ ló sinni wá. Àwọn obìnrin kan á dáhùn pé "rárá o" nítorí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ dá bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ẹ wọ yàrá kejì, kí ẹ sọ òótọ́. Wọ́n lè sún X-ray náà síwájú, wọ́n lè lo ohùn dípò rẹ̀, tó bá sì jẹ́ dandan ni, dókítà á mọ bó ṣe máa ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ sin wọ́n lọ, tí wọ́n bá ní kí ẹ jáde díẹ̀, ẹ jáde.

Fún CT, ẹ óò dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kan tó ń wọ inú ẹ̀rọ tó rí roboto bí òrùka ńlá. Wọ́n lè gún yín lábẹ́rẹ́ omi kan tó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn. Nígbà tó bá wọlé, ara á gbóná lójijì, ẹnu á dà bíi pé ẹ lá irin, á sì ṣe yín bíi pé ẹ ti tọ̀ sára. Ẹ ò tọ̀ sára. Á kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣáájú abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ sọ tí irú ẹ̀ bá ti bá ara yín jà rí, tí ẹ bá ní ikọ́ fée tàbí àìsàn kíndìnrín, àti tí ẹ bá ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ. Wọ́n lè ní kí ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe owó ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín, kíndìnrín ló ń fọ omi náà jáde.

MRI kò ní ìtànṣán, òòfà ló ń lò. Òòfà yìí le gan-an: èyí tó wọ́pọ̀ nílé ìwòsàn lágbára tó ìlọ́po 30,000 ti òòfà ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì. Ohun mìíràn ni pé kì í sùn. Bí wọn ò tiẹ̀ máa ya àwòrán ẹnikẹ́ni, òòfà ṣì ń fa irin. Lọ́dún 2001, nílé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ New York, ẹ̀rọ yìí fa àgbá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí wọ́n gbé wọ yàrá náà, ó sì pa ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Fóònù, kọ́kọ́rọ́, káàdì ATM, pín-ìnnì gèlè, wíìgì tó ní irin, eyín tó ṣeé yọ, tìróò ojú, gbogbo ẹ̀ ni kó dúró síta. Èyí tó wà nínú ara ló ṣe pàtàkì jù: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ti ọkàn, irin tí wọ́n fi to egungun, ọta ìbọn tàbí èérún irin tó kù sára. Ọdẹ, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, wẹ́dà tí irin ti ta sójú rí: ẹ má fi pamọ́, kódà kó ti pé ogún ọdún. Ìbéèrè nípa ọta ìbọn kì í ṣe ti ọlọ́pàá.

Ihò ẹ̀rọ náà há, ó sì ń pariwo bí ẹni ń lu páànù. Wọ́n á fún yín ní ohun tí ẹ máa fi di etí, àti bọ́ọ̀lù kékeré tí ẹ lè tẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ó lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú, ó lè tó wákàtí kan, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ mira. Ẹni tí ibi tó há máa ń dẹ́rù bà, kó ti sọ ọ́ nígbà tó ń gba ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà ò gbẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ètò ìlera adójútòfò, ẹ béèrè bóyá ẹ nílò kóòdù kí wọ́n tó dá yín lóhùn, kí ẹ sì gbà á ṣáájú ọjọ́ náà. Tí ẹ bá ti ṣe X-ray tàbí síkáànù rí, ẹ kó ti àtijọ́ dání. Dókítà á gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á rí i bóyá nǹkan náà ń dàgbà tàbí ó ń rọlẹ̀.

Tí wọ́n bá parí, ẹ lè bi ẹni tó ya àwòrán náà pé, "Kí lẹ rí?" Ó lè ní kí ẹ lọ bá dókítà yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti torí ìdáhùn yẹn sunkún délé, wọ́n rò pé àìsàn burúkú ni. Ẹni tó ń ya X-ray, CT tàbí MRI kọ́ ló sábà ń túmọ̀ ẹ̀. Dókítà tó kọ́ṣẹ́ àwòrán ló máa ń jókòó tì í, tó ń kọ èsì. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kan náà, ó lè jẹ́ ọjọ́ mélòó kan. Ẹ béèrè ọjọ́ tí èsì máa jáde, ẹ gba rìsíìtì yín, kí ẹ sì rí i pé ìwé èsì àti fíìmù tàbí CD rẹ̀ jọ wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ dókítà tó rán yín.