Ẹ̀dà ọmọ SS, SS náà ni

Ìyẹ̀fun tí àwọn kan ń gbé kiri Nàìjíríà pé stem cell ni, pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, rọpárọsẹ̀ àti fòníkú-fọ̀ladìde, kì í ṣe stem cell. Ohun alààyè ni stem cell, kì í gbé inú páálí, ẹni tó bá sì gbé e mì, ikùn rẹ̀ ni yóò lọ̀ ọ́. Owó tí òbí ọmọ SS kan, ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, n'Ìwó bá ná sí i ì bá ti ra hydroxyurea, oògùn tó ń dín ìrora kù ní tòótọ́.

Inú mùdùnmúdùn eegun ni stem cell tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ wà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tí kì í ṣe SS ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Ti ọmọ SS kì í sábà ju 20 lọ, ó ń tẹ̀ bíi dòjé, á sì dí ọ̀nà fún èyí tó kù. Orísun ló yẹ kí a pààrọ̀.

Ohun tí Dókítà Nosakhare Bazuaye àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé ìwòsàn UBTH, Ìlú Bìní, lọ́dún 2011 nìyẹn, ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà: wọ́n gba stem cell lára ẹ̀gbọ́n fún àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ SS. Oògùn líle ló kọ́kọ́ ń pa mùdùnmúdùn àtijọ́ kí tuntun tó wọlé. Ewu ń bẹ níbẹ̀: ó lè dí ọmọ bíbí lọ́wọ́, tuntun lè bá ara jà, ẹ̀mí sì lè lọ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé olórogún gan-an. Ọmọ ìyá kan, bàbá kan ni a ń wá. Ìdá kan nínú mẹ́rin sì ni pé stem cell ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn yóò bá ti aláìsàn mu. Ọbàkan kì í sábà bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ AS lè fi tirẹ̀ sílẹ̀, kò pọn dandan kó jẹ́ AA.

Àgùntàn Dolly, ẹ̀dà àgùntàn mìíràn tí wọ́n bí ní Scotland lọ́dún 1996, ló jẹ́ kí àwọn kan máa retí ẹ̀dà ènìyàn. Kí ni ẹ̀dà yóò ṣe fún ọmọ SS? Àbùkù inú jíìnì yóò bá ẹ̀dà lọ. Casgevy, ìtọ́jú kan tí Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń yọ stem cell aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n ń tún jíìnì rẹ̀ ṣe kó lè máa pèsè irú ẹ̀jẹ̀ tí ọlẹ̀ ń lò nínú oyún, wọ́n á sì dá a padà. 2.2 mílíọ̀nù dọ́là ni iye tí wọ́n dá lé e fún ẹnì kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023.

Fún òbí n'Ìwó, ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló ṣì súnmọ́ wa jù. Kí wọ́n béèrè àyẹ̀wò ìbáramu lọ́wọ́ dókítà ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì kéré, kí àìsàn náà tó ba kíndìnrín tàbí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.