Afárá Tín-ín-rín Inú Ọmọ Ẹ̀rọ

Ẹni tí ó bá gba iwájú ilé ìlọta kọjá ní Ẹ̀sà-Òkè ní ìrọ̀lẹ́ yóò gbọ́ bí ẹ̀rọ ti ń ké. Ata ni gbogbo ènìyàn ń wò. Èmi fẹ́ kí a wo ohun tí ń yí ọlọ náà, bí ó bá jẹ́ iná mànàmáná ni ó ń lò. Mọ́tò ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè é, ṣùgbọ́n mọ́tò náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe ọkọ̀, nítorí náà ẹ̀rọ oníná ni n ó máa wí.

Ọ̀nà méjì ni inú rẹ̀ pín sí. Èyí tí ó dúró gbọin-in, tí a wé wáyà bàbà sí, ni mo ń pè ní ìyá ẹ̀rọ. Èyí tí ń yí láàárín ni ọmọ ẹ̀rọ. Àwọn baba wa ti fún wa ní àpẹẹrẹ, nítorí ọmọ ọlọ ni ó ń rìn, ìyá ọlọ kì í kúrò lójú kan. Bí iná bá wọ wáyà, ìyá ẹ̀rọ a di òòfà, òòfà náà a sì máa yí po láìjẹ́ pé ojú rí i. Ọmọ ẹ̀rọ a máa tẹ̀ lé e. Nínú ẹ̀rọ tí ó wọ́pọ̀ ní ilé ìlọta, iná a ti ara òòfà yìí dìde nínú ọmọ ẹ̀rọ pẹ̀lú, a sì mú un gbóná. Nínú òmíràn, òòfà olówó iyebíye ni a tẹ̀ sínú rẹ̀, ilẹ̀ Ṣáínà sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú òòfà bẹ́ẹ̀ ti ń wá.

Ẹ̀kẹta kò ní wáyà nínú ọmọ ẹ̀rọ, kò sì ní òòfà. Irin àti àlàfo lásán ni. J. K. Kostko ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1923. Kò gbilẹ̀ nígbà náà, nítorí kò rọrùn fún un láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀ bí a bá so ó mọ́ iná tààrà. Ó ń fẹ́ àpótí tí yóò máa darí iná sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ni àwọn ènìyàn padà sí i. T. A. Lipo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dìde ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ní 1991, ilé-iṣẹ́ ABB sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2011. Ọmọ Nàìjíríà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlọ́runfẹ́mi Òjó, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Wisconsin kan náà, wà lára àwọn tí ó ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Òòfà fẹ́ràn àtigba inú irin kọjá ju inú afẹ́fẹ́ lọ. A ó kó àwo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ, a ó sì gé àlàfo tí ó tẹ̀ bí ọrun sí ara wọn. Ní ìhà kan, òòfà a máa gba àárín àlàfo kọjá nínú irin láìsí wàhálà. Ní ìhà kejì, ó di dandan kí ó fo àlàfo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ẹ̀rọ a máa yí ìhà tí ó rọrùn sí òòfà, òòfà a sún síwájú, òun náà a sì tẹ̀ lé e. Bí ìyàtọ̀ ìhà méjèèjì bá ti pọ̀ tó ni agbára rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n kí ni ó so irin wọ̀nyí pọ̀, nígbà tí àlàfo ti pín wọn níyà? Irin tín-ín-rín tí a fi sílẹ̀ létí àlàfo ni, èyí tí mo ń pè ní afárá. Afárá ni ó kó wa sí ìyọnu, nítorí òòfà náà mọ afárá í gbà. Nínú ẹ̀rọ tí ń yí jẹ́jẹ́, a lè mú un tín-ín-rín tó mìlímítà kan tàbí ìdajì rẹ̀. Òòfà díẹ̀ a wọ̀ ọ́, irin a yó, kò sì ní lè gba púpọ̀ mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, kí ló dé tí a kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí ń yí kíákíá? Eré yìí ṣe pàtàkì, nítorí ẹ̀rọ kékeré tí ń sáré lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá tí ń rọra yí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi kànnàkànnà rí mọ bí òkúta ti í fa ọwọ́. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, fífà náà a di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́wàá, a di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ẹ mú ọmọ ẹ̀rọ tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Bí ó bá yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, gíráàmù irin kan létí rẹ̀ yóò máa fà síta bí ìdajì kílò. Bí ó bá yí ní ìgbà 30,000, gíráàmù kan náà yóò fà bí 50 kílò, èyí tí í ṣe àpò símẹ́ǹtì kan. Afárá tín-ín-rín yóò já.

Bí a bá mú afárá nípọn, agbára dínkù. Bí a kò bá mú un nípọn, ẹ̀rọ fọ́. Àwọn mìíràn a máa wá irin tí ó le jù. Àwọn mìíràn a máa fi oje líle dí àlàfo, èyí tí n kò fẹ́ràn púpọ̀, nítorí ooru a máa sọ ọ́ di aláìlágbára. Èyí tí ó wù mí jùlọ ni ti Hofmann àti Sanders ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, tí wọ́n gbé jáde ní 2000. Wọ́n to irin tí òòfà ń gbà àti irin tí òòfà kì í gbà lé ara wọn ní ìpele-ìpele, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Kò sí àlàfo níbẹ̀, kò sì sí afárá. Ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ṣe é fún. Iṣẹ́ àṣekára ni lílẹ̀ ọ̀hún, ó sì wọ́n.

Ẹ̀rọ ìlọta tí ń yí ní nǹkan bí ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan kò ní ìyọnu yìí. Afárá tín-ín-rín tó o. Àpótí tí ń darí iná ni yóò ná olówó rẹ̀ lówó.