Bí Ilẹ̀ Benin Ṣe Di Ẹkùn Méjìlá

Ẹni tí ó bá dúró ní etíkun Kútọnù, tí ó kẹ́yìn sí òkun, tí ó sì forí lé ìhà àríwá, yóò la ilẹ̀ ọ̀pẹ kọjá, yóò rí àwọn òkè olókùúta Ìdáàṣà, yóò sì rìn títí nínú ọ̀dàn àwọn Bàrùbá, kí ó tó gúnlẹ̀ sí bèbè Odò Ọya lẹ́yìn nǹkan bí 700 kìlómítà. Bẹ́ẹ̀ sì ni etíkun tí ó ti gbéra, láti ààlà Tógò dé ààlà Nàìjíríà, díẹ̀ ni ó fi lé ní 120 kìlómítà. Ilẹ̀ Benin nìyí, tí à ń pè ní Dàhòmì títí di ọdún 1975, ọwọ́ àwọn òyìnbó tí ń du ọ̀nà láti etíkun wọ àárín ilẹ̀ ni ó sì gé e bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan, wọ́n sì fa ìlà láti odò Ajara lọ tààrà sí àríwá. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń fa ìlà yìí, ahoro ni Kétu, ìlú Alákétu, ọmọ Odùduwà, nítorí àwọn ọmọ ogun ìjọba Dàhòmì ti Àbómẹ̀ ti pa á run ní 1886, wọ́n sì ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ta ni ìbá dìde láti wí pé ilẹ̀ baba òun ni a ń gé lọ? Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhòmì, tí àwọn ará Kétu tí ó ṣẹ́kù padà wá tún ilé kọ́, Ìmẹ̀kọ, tí ó ti ń sin Alákétu tipẹ́, ti bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àdéhùn 1897 pẹ̀lú Jámánì ni ó fi ìdí ààlà Tógò múlẹ̀. Ti 1898 sì gbé ààlà ìlà-oòrùn dé Odò Ọya.

Lẹ́yìn òmìnira 1960, ẹkùn mẹ́fà ni ilẹ̀ náà ní: Atakora, Borgou, Zou, Mono, Atlantique àti Ouémé. Borgou nìkan sún mọ́ ìdajì gbogbo ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọ Odùduwà sì tún pín sí méjì: Kétu, Pobẹ̀ àti Ṣakétẹ́ wà lábẹ́ Àjàṣẹ́ nínú Ouémé, nígbà tí Ṣábẹ àti Ìdáàṣà wà nínú Zou, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Àbómẹ̀. Kí a sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí: ará Ìdáàṣà tí ó bá ní ọ̀ràn lọ́dọ̀ aṣojú ìjọba nígbà náà ní láti mú ọ̀nà Àbómẹ̀ pọ̀n, ìlú tí àwọn jagunjagun rẹ̀ ti kó àwọn baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú.

Àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990 ni ó tú okùn náà. Láti inú òfin ìpìlẹ̀ tuntun tí ó tẹ̀lé e ni òfin ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999 ti jáde, tí ó la ẹkùn kọ̀ọ̀kan sí méjì: Alibori kúrò lára Borgou, Donga lára Atakora, Couffo lára Mono, Littoral, tí í ṣe Kútọnù nìkan, lára Atlantique, Collines lára Zou, àti Plateau lára Ouémé. Ọgbọ́n ńlá ni mo kà á sí pé odò, òkun àti òkè ni wọ́n fi sọ púpọ̀ nínú wọn lórúkọ, tí ẹ̀yà kankan kò fi lè wí pé òun nìkan ni ó ni ẹkùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lórí kò ní fìlà. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 77 dìbò yan ìgbìmọ̀ wọn ní ìparí 2002 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2003, síbẹ̀ aṣojú ìjọba mẹ́fà náà ni ó ń ṣàkóso ẹkùn méjì méjì, àfi ìgbà tí ó di 2016 tí ìjọba Ààrẹ Patrice Talon yan méjìlá, tí ó sì fún àwọn ẹkùn tuntun ní olú ìlú tiwọn. Pobẹ̀ ni ó kan Plateau, Ìdáàṣà ni ó kan Collines. Alákétu, nínú Plateau, àti Oníṣábẹ, nínú Collines, ṣì wà ní ẹkùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó tún ń wo ojú Àbómẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́ nínú wọn.