Ọlọ́ṣà Tí Ó Kọ Ìwé Gbèsè Sílẹ̀

Ẹ̀yin òbí nínú Olúwa, kí ẹnu má ṣe yà yín pé pásítọ̀ yín jókòó wo fíìmù kọ́bọ́ì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni n kì í fẹ́ kí ó wọ ilé mi, nítorí kí wọ́n tó parí, òkú á ti sùn lọ bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1948, Four Faces West ni orúkọ rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, ìbọn kò dún níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò mú owó wọlé tó bí wọ́n ti rò. Bóyá nítorí ìyẹn náà ni.

Ross McEwen, tí Joel McCrea ṣe, jẹ́ darandaran ní New Mexico. Oko ẹran bàbá rẹ̀ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí owó. Ó wọ báńkì, ó ní kí wọ́n yá òun ní 2,000 dọ́là. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ohun ìdúró, ìbọn ni ó yọ. Ṣùgbọ́n ó kọ ìwé sílẹ̀ pé òun jẹ gbèsè, ó sì fi owó náà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Inú bí ọ̀gá báńkì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kéde ẹ̀bùn tó ju owó náà lọ fún ẹni tó bá mú un.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ìwé gbèsè yẹn díẹ̀. Mo ti jókòó ti àwọn arákùnrin tó ń sọkún pé, “Pásítọ̀, n kò jí i o, mo yá a ni. Ìparí oṣù ni mo fẹ́ dá a padà.” Owó ẹgbẹ́ ni, tàbí owó àjọ. Wọn kò purọ́. Ohun tó wà lọ́kàn wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n olówó kò mọ̀ pé òun yá ẹnikẹ́ni lówó. Ìwé Òwe orí 6 gbà pé ènìyàn lè fojú àánú wo olè tí ebi ń pa, síbẹ̀ kò yọ ọ́ kúrò nínú sísan padà.

Ejò bu McEwen jẹ lójú ọ̀nà, nọ́ọ̀sì kan tọ́jú rẹ̀. Fay ni orúkọ rẹ̀, Frances Dee ni ó ṣe é, aya McCrea gan-an nílé. Fay rọ̀ ọ́ pé kí ó fa ara rẹ̀ lé òfin lọ́wọ́, kò gbà. Pat Garrett sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, agbófinró tó gbé ayé rí ní tòótọ́, ẹni tó pa Billy the Kid ní 1881.

Níkẹyìn ó kù díẹ̀ kí ó bọ́. Ó dé ilé tálákà kan, ẹ̀yà Mẹ́síkò. Gbogbo ilé ni àrùn dìfítéríà ti dá dùbúlẹ̀, èyí tí í dí ọ̀nà ọ̀fun. Kò mọ̀ wọ́n rí. Bí ó bá kọjá, wọn yóò kú, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó gba ibẹ̀ kọjá. Ó wọlé. Ó tọ́jú wọn tọ̀sán-tòru, ó sì dá iná kí èéfín lè pe ìrànlọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ rí èéfín náà.

Garrett dé lóòótọ́. McEwen bá a lọ fúnra rẹ̀, Garrett sì ṣèlérí láti sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀ níwájú adájọ́.

Bí ẹ bá rí i, ẹ bá àwọn ọmọ yín wò ó. Nígbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé aláìsàn yẹn, ẹ dá a dúró, kí ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣe. Àbígbẹ̀yìn mi ní kí ó máa sá lọ ná, kí ó rán ẹlòmíràn padà wá. N kò lè bá a wí, nítorí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.